Ọkùnrin Tí Wọ́n Ń Pè Ní Kọmi

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn tí a jùmọ̀ lò, ìyàwó mi mú kẹ́ńkè, ẹ̀kọ kíkan àwọn ará Ghana, kúrò nínú àwo mi. Mo ti bó èèpo àgbàdo tí wọ́n fi wé e, mo ti bu ata sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sì ń wá ṣíbí tí n ó fi bu ẹja inú agolo, nígbà tí ó kọjá lẹ́yìn mi, tó na ọwọ́ lórí èjìká mi, tó gbé e. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó ń ra máńgòrò.

"Èyí rọ̀," ó ní. "Èyí ló máa dára fún wọn."

"Fún àwọn wo?"

"Fún ẹja ni, Tíṣà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ ti àná tó wà nínú ìkòkò. Ẹ̀yin kúkú ní eyín."

Bí mo ṣe jẹ kẹ́ńkè àná nìyẹn. Òun jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná wa ní Darkuman, ní ìlú Accra, ó fi ẹ̀pà lílọ̀ àti ṣúgà díẹ̀ po kẹ́ńkè mi nínú abọ́, ó ń ṣù ú ní róbótó róbótó, ó ń tò ó sínú ike. Ọjọ́bọ̀ ni. Ọjọ́ Sátidé ni ẹgbẹ́ wọn máa lọ pẹja ní adágún. Ó ń kọrin ìjọ sínú, inú rẹ̀ dùn, kì í sì í ṣe nítorí mi. Ó fi ewé tútù bo àwọn ìjẹ náà kí wọ́n má baà gbẹ, ó tún ṣí i wò, ó tún un bò. Mo ń jẹ kẹ́ńkè líle, mo ń wò ó, mo sì ń rò ó pé ẹja wọ̀nyí ń rí ìtọ́jú jù mí lọ. Lẹ́yìn náà ó wọ bàtà, ó ní kí n má gbàgbé láti ti ẹnu ẹ̀rọ omi, ó jáde lọ wọ ọkọ̀ trótró lọ sí Tudu níbi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n pè mí láti ilé ìwòsàn pé kí n máa bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ní ó fà á. Nígbà tí mo fi dé, kò lè dá mi lóhùn mọ́.

Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Jọ́gíráfì ni mo kọ́ àwọn ọmọ. Mo ti ya adágún Volta sára pátákó títí ọwọ́ mi fi mọ ọ̀nà rẹ̀ láìwò: apá tó nà lọ sí àríwá, apá tó yà sí ìwọ̀ oòrùn, ibi tí wọ́n ti dí odò náà tí omi fi bo igbó àti abúlé mọ́lẹ̀. N kò débẹ̀ rí. N kò fẹ́ràn omi, n kò fẹ́ràn ẹ̀fọn, ó sì dà bíi pé ohun tí mo bá ti lè yà, mo ti rí i.

Ìyàwó mi ní tirẹ̀ ń ta àwọ̀n, okùn àti ìwọ̀. Ọjà ìyá rẹ̀ ló jogún. Àwọn apẹja etí òkun ni oníbàárà rẹ̀, títí di ìgbà tí àwọn ọ̀pá ìwọ̀ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í dé pẹ̀lú ẹrù àlòkù, àwọn èyí tó ní kẹ̀kẹ́ kékeré tí wọ́n fi ń ká okùn. Ọkùnrin Fante kan, àgbàlagbà tó ti pẹ́ ní ìlú òyìnbó, wá ra ọ̀kan, ó sì jókòó sí ṣọ́ọ̀bù títí di ìrọ̀lẹ́, ó ń ròyìn ẹja kan tó ń jẹ́ káàpù fún un. Ó ní ó wà nínú adágún wa, pé ó tóbi, pé ó gbọ́n, pé ènìyàn lè jókòó tì í láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bóyá káàpù gidi ni, bóyá ẹja mìíràn tó jọ ọ́ ni, n kò lè sọ. Òun ló sọ ọ́ lórúkọ, òun náà ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí gbogbo wọn fi ń pè é ní Alága. Kò pẹ́ tí ìyàwó mi tó ń ta ìwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwọ̀ pẹja. Mámà Aláta ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, nítorí Aláta ni àwọn ará ìlú yìí ń pe àwa Yorùbá.

Kọmi ni àwọn Gá ń pe kẹ́ńkè. Nítorí náà, nígbà tí ó kọ́kọ́ ti adágún dé tó ń sọ pé Kọmi ṣe báyìí, Kọmi sọ báyìí, mo bi í pé irú oúnjẹ wo ló ń sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ènìyàn ni, pé òun ló máa ń ru kẹ́ńkè tí wọ́n fi ń ṣe ìjẹ wá.

Láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin tí n kò rí rí yìí ti ń bá wa jẹun. Ẹja bíńtín tí Kọmi fà jáde lẹ́yìn ariwo ńlá. Kọmi tó pọ̀n ọ́n kọjá ẹrẹ̀ kí aṣọ rẹ̀ má baà bàjẹ́. Kọmi tó ń jó nínú ọkọ̀ ojú omi títí Alága fi bú u. Mo ń gbọ́, mo ń mi orí, mo sì ń ti àwo mi sẹ́yìn. Nínú èdè wa, obìnrin ni a sábà máa ń sọ pé ó ń jowú, ọ̀rọ̀ láàárín orogún ni a sì kà á sí. Èmi tí mo fẹ́ ìyàwó kan ṣoṣo, n kò mọ̀ pé èmi náà lè ní orogún.

"Ọmọ ọdún mélòó ni Kọmi yìí?" mo bi í ní ọjọ́ kan.

"Ó ti tó ẹni tó ń bímọ."

"Ó níyàwó?"

"Tíṣà, ṣé ìdánwò lẹ fẹ́ ṣe fún un ni? Ẹ bá wa lọ, kí ẹ lọ bi í."

"Kí ni n ó lọ ṣe láàárín ẹ̀fọn?"

"Ẹ ó rí nǹkan níbẹ̀. Mi ò ní sọ. Ẹ wá fi ojú ara yín rí i."

Ohun tó máa ń sọ ní gbogbo ìgbà nìyẹn, pẹ̀lú ẹ̀rín kan ní igun ẹnu. Ẹ̀rín náà ni n kò fẹ́ràn.

Nígbà tí ó pé ọ̀sẹ̀ kan tó kú, a ta àgọ́ sí iwájú ilé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe ní ìlú yìí, àwọn ènìyàn sì wá jókòó tì wá. Ẹgbẹ́ apẹja wá pẹ̀lú aṣọ dúdú. Ẹnì kan ṣoṣo láàárín wọn ló wọ pupa. Ọkùnrin gíga ni, ó so aṣọ pupa mọ́ iwájú orí, ó sì ń sunkún pẹ̀lú ohùn òkè. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Ghana mọ̀ pé pupa kì í ṣe aṣọ tí àlejò ń wọ̀ wá síbi òkú. Àwọn tí òkú jẹ́ tiwọn ló ń wọ̀ ọ́. Èmi tí mo ni òkú, dúdú ni mo wọ̀, n kò sì sunkún níwájú ẹnikẹ́ni.

Àbúrò ìyàwó mi sọ̀rọ̀ sí mi létí. "Ta ni ìyẹn? Ṣé ẹbí wa ni?"

"N kò mọ̀ ọ́n rí," mo ní.

Alága tó jókòó níwájú wa gbọ́, ó yíjú padà. "Kọmi ni," ó ní, bí ẹni pé ó yẹ kí ìyẹn tó wa.

Alága padà wá kí mi ní Darkuman lẹ́yìn ìsìnkú. Ìgbà náà n kò ṣe nǹkan kan fún ara mi. Àbúrò ìyàwó mi ló ń gbé oúnjẹ wá nínú kúlà, òun ló ń kó aṣọ mi lọ fọ̀, òun ló ń rán mi létí pé kí n wẹ̀. Alága jókòó, ó yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, "Tíṣà."

Mo gbójú sókè. Ìyàwó mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀ nínú ilé. Àwọn ọmọ mi tó wà lókè òkun ń pè mí ní Dádì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ń pè mí ní Sà. N kò mọ ìgbà tí ó kó orúkọ náà lọ sí etí omi lọ pín in fún wọn.

"Tíṣà," Alága tún ní, "ìrìn àjò tí Mámà kò lè bá wa lọ, àwa náà kò tíì lọ ọ́. Ìwọ là ń dúró dè. Mú ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ dání."

Mo ní n ó lọ. Ó yà á lẹ́nu bí mo ṣe tètè gbà, ó ti kó ẹ̀bẹ̀ púpọ̀ sílẹ̀ tí kò rí ibi lò ó. Kì í ṣe omi ni mo fẹ́ lọ wò, kì í sì í ṣe ẹja. Mo fẹ́ mọ ohun tí ọkùnrin aláṣọ pupa náà jẹ́ sí ìyàwó mi. N kò rò pé n ó lè sùn dáadáa títí n ó fi mọ̀ ọ́n.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ Sátidé kan, bọ́ọ̀sì wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Kọmi ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Kó tó sọ̀rọ̀ rárá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyẹ̀pẹ̀ níwájú mi, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Awakọ̀ na ọrùn láti wò ó. Ní Accra, bí ọkùnrin bá kí àgbà, ó lè tẹrí ba díẹ̀, ó lè bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo rò pé ó lè kọ́ ọ ní ìdọ̀bálẹ̀, inú mi sì bàjẹ́ sí i bí ẹni pé ó wọ bàtà mi.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ o," ó ní láti ilẹ̀.

"Dìde," mo ní. "Aṣọ rẹ ń dọ̀tí."

A gbé nọ́ọ̀sì kan ní Madina, obìnrin Gá tó lómi lára tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń pàṣẹ fún aláìsàn. Ó jókòó tì mí, ó sì fi ọwọ́ lé mi lórúnkún. "Dádì, ẹ ti jẹun? Mámà sọ fún wa pé bí ẹ ò bá tíì mu tíì, ẹ kì í dá ènìyàn lóhùn." Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni. Bí a ti ń lọ, mo rí i pé kò sí ohun tí wọn kò mọ̀ nípa mi: pé mo ń bẹ̀rù ewúrẹ́, pé mo máa ń ṣe àtúnṣe gírámà sí ìwé ìkésíni ìgbéyàwó kí n tó lọ síbẹ̀. Èmi kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Adágún náà kò jọ èyí tí mo máa ń yà. A fi ọ̀nà ọ̀dà sílẹ̀, a gba ojú ọ̀nà eléruku, a sì já sí ibi kan tí kò sí ilé kankan. Omi tẹ́ lọ títí ó fi di ojú ọ̀run. Igi òkú dúró nínú rẹ̀, funfun, láìní ewé kan, àwọn igi igbó tí omi bá lójú oorun tí wọn kò wó títí di òní. Ẹyẹ ńlá kan jókòó sórí ọ̀kan, ó ń ṣọ́ wa. Kò sí ariwo ọkọ̀, kò sí ti rédíò. Mo dúró níbẹ̀, mo sì mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ìdí tí ó fi máa ń dé sílé pẹ̀lú ojú ẹni tó ti sinmi, mo sì jowú omi náà pàápàá.

"Ibí ni ààyè Mámà," Alága ní. Kùkùté igi kan ni, lẹ́bàá omi. Kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀. Kọmi tẹ́ aṣọ sí i, ó ní kí n jókòó. Wọ́n ri ọ̀pá wọn mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ mi lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró, nítorí pé iṣẹ́ ẹja náà kò ju ìdúró lọ.

Àríyànjiyàn kan wà láàárín wọn tí kò tán rí. Alága ní bí ènìyàn bá mú káàpù, kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó yà á ní fọ́tò, kí ó dá a padà sómi, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn òyìnbó ń ṣe.

"Mámà kò gbà rí," nọ́ọ̀sì sọ fún mi. "Ó ní òun kò lè fi kẹ́ńkè bọ́ ẹja, kí òun tún máa kí i pé ó dàbọ̀."

"Ó jẹ káàpù mi kan," Alága ní. "Èyí tó tóbi jù lọ. Ó fi se ọbẹ̀."

"Alága, ẹ̀yin náà jẹ níbẹ̀."

"Mo tọ́ ọ wò ni."

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà náà ni ìjẹ tán lẹ́bàá nọ́ọ̀sì, ó sì pariwo sí ọkùnrin tó jókòó ní ìsàlẹ̀: "Kọmi! Mú kọmi wá!" Àwàdà àtijọ́ ni, ó hàn lójú wọn. Ó yíjú sí mi. "Mámà ló kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ mọ̀? Ọjọ́ tó kọ́kọ́ bá wa wá, ó ru kẹ́ńkè dání. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò lè pè é dáadáa. Ó máa ń fi nǹkan síwájú rẹ̀. 'Ọ-kọmi, mú ike yẹn wá. Ọ-kọmi, rọra o, ẹsẹ̀ rẹ.' A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. A ní ẹnu Aláta kò lè mú kẹ́ńkè lásán, àfi tí ó bá fi 'ọ' ṣe ọbẹ̀ rẹ̀."

Ohùn ìyàwó mi gan-an ló fi sọ ọ́. Obìnrin náà mọ bí wọ́n ṣe ń sín ènìyàn jẹ. Kò sí kẹ́ńkè nínú ohun tí mo gbọ́. Ọkọ mi. Ọkọ mi, mú ike yẹn wá. Ọkọ mi, rọra o.

Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, Tíṣà ló ń pè mí. Kí a tó bímọ, Tíṣà. Lẹ́yìn tí a bímọ, Tíṣà. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó wa, nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó pe ọkọ rẹ̀ ní orúkọ tó wù ú, Tíṣà náà ló pè, gbogbo ilé sì hó. N kò bèèrè fún òmíràn. N kò mọ̀ pé òmíràn wà lẹ́nu rẹ̀.

Mo mọ àṣà wa dájú. Ìyàwó ilé máa ń pe gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sí agboolé ọkọ rẹ̀ ní ọkọ, àní ọmọ tó ń rá. Èyí wá sí mi lọ́kàn, mo sì lé e lọ. Kọmi kì í ṣe ọmọ agboolé mi. Ohùn Fante ló fi ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, fíríìjì ló ń tún ṣe ní Kaneshie.

"Dádì," nọ́ọ̀sì ní, "ṣé ó ní ìtumọ̀ ni?"

"Bóyá ahọ́n rẹ̀ ló ṣe é," mo ní.

Nígbà tí oòrùn ti yí, Kọmi ní òun fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi gbé mi lọ sáàárín àwọn igi, ibi tí Mámà fẹ́ràn jù. Bí kò bá sọ ọ́, èmi ì bá sọ ọ́. Mo gbé ọ̀pá ìyàwó mi dání. Mo jókòó sáàárín ọkọ̀, mo di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, òun wà lẹ́yìn pẹ̀lú àjẹ̀. Ó bá mi ju ìwọ̀ sómi. A lọ títí ohùn àwọn yòókù fi kéré.

"Ta ló kọ́ ọ ní Yorùbá?" mo bi í láìyíjú padà.

"Díẹ̀, bàbá mi. Tó kù, Mámà. Mo ń gbọ́ ọ paa, sísọ ló ń ṣe mí wàhálà."

"Bàbá rẹ gbọ́ Yorùbá?"

"Bàbá tiẹ̀ ni Aláta. Ògbómọ̀ṣọ́." Ó ṣíwọ́ wíwa ọkọ̀. "Bàbá, Mámà ò sọ fún yín títí? Títí tó fi... Kò sọ?"

Mo yíjú padà nígbà náà. Ọkọ̀ mì.

Ó sọ ọ́ fún mi, Yorùbá díẹ̀, Fante díẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Bàbá bàbá rẹ̀ ṣòwò ní etí òkun, ó sì wà lára àwọn tí ìjọba ní kí wọ́n padà sí ìlú wọn ní ayé ìgbà tí wọ́n lé àwọn àjèjì. Obìnrin Fante tó ń bá a gbé kọ̀, kò bá a lọ, ọmọkùnrin wọn sì kù sí ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ náà dàgbà, ó bí Kọmi, ó sì fi ohun kan ṣoṣo lé e lọ́wọ́ kó tó kú: orúkọ ìlú àti orúkọ agboolé. Kọmi pè é. Ó pè é pẹ̀lú ohùn Fante, gbogbo àmì rẹ̀ ṣì, ṣùgbọ́n agboolé wa ni. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bí bàbá mi.

"Mo wá ra ìwọ̀ ní Tudu. Mámà bi mí pé, ojú rẹ jọ ojú ẹni tí mo mọ̀, níbo ni o ti wá? Mo pe orúkọ ilé yẹn. Ó pariwo! Ó kúnlẹ̀, Bàbá. Fún èmi! Mo ní Mámà, ẹ dìde, ènìyàn ń wò."

"Kí ló dé tí o kò wá kí mi?"

"Mo fẹ́ wá! Ó kọ̀. Ó ní kí n dúró, pé ẹ máa wá síbí fúnra yín lọ́jọ́ kan. Ó ní òun máa mú mi dúró níwájú yín, òun á bi yín pé ta ni èyí jọ. Ó kọ́ mi ní ìdọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ de ọjọ́ náà. Ní ṣọ́ọ̀bù, lórí àwọ̀n." Ó nu ojú. "Ẹ má bínú nítorí aṣọ pupa yẹn. Ìyá mi ní ẹbí ni, pupa ni kí n wọ̀."

Mo wò ó dáadáa. Etí bàbá mi ni, ó dúró gangan lára orí rẹ̀, etí tí wọ́n fi ń bú mi nílé ẹ̀kọ́. Gbogbo ìgbà tí ìyàwó mi ń fi igun ẹnu rẹ́rìn-ín tó ní n ó rí nǹkan, ohun tó ní n ó rí nìyí.

Ó yẹ kí owú náà tán níbẹ̀. Kò tán. Ó kàn ṣí kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀ ni. Ìyàwó mi ti rí ẹ̀jẹ̀ mi ní ìlú tí n kò ní ẹ̀jẹ̀ kankan, ó sì jẹ ìgbádùn rẹ̀ láìsí èmi. Wọ́n ti jọ rẹ́rìn-ín lórí omi yìí, òun àti ọmọ ilé bàbá mi. Mo sì rí i pé ọkùnrin náà kò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé o mọ ohun tí Mámà ń pè ọ́?" mo bi í.

"Kọmi? Kẹ́ńkè nà. Mo gbé kẹ́ńkè dání lọ́jọ́ yẹn."

Mo lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn ní etí omi náà tó gbọ́ èdè wa. Bí n kò bá sọ ọ́, kẹ́ńkè ni yóò máa jẹ́ títí ayé, ọ̀rọ̀ náà yóò sì kù sí ọwọ́ mi nìkan. Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ ni pé ìyàwó mi ló pè é, òun ló sì yan ẹni tó pè é fún.

"Kì í ṣe kẹ́ńkè," mo ní. "Ọkọ mi ló ń pè ọ́."

Ó mọ ọ̀rọ̀ náà. Àjẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọkọ? Ọkọ ti ìyàwó? Ẹ̀! Bàbá! Mo fi Ọlọ́run búra! Mo níyàwó nílé, ẹ wá bi í, obìnrin burúkú ni, ì bá ti pa mí!"

"Jókòó, kí o má dà wá sómi."

"Bàbá, mi ò fọwọ́ kàn án!"

"O pọ̀n ọ́n kọjá ẹrẹ̀."

"Ẹrẹ̀ ni!"

Mo jẹ́ kí ó ṣe díẹ̀ sí i. N kò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi. Lẹ́yìn náà mo ṣàlàyé fún un pé ẹni tí wọ́n bí sí ilé wa, ọkọ ni lójú obìnrin tí wọ́n gbé wọ ilé náà, ìbáà jẹ́ òkèèrè ló wà, ìbáà jẹ́ ó kéré. Bí ìyàwó mi ti ń pè é bẹ́ẹ̀, ọmọ ilé ló ń pè é.

Kọmi ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀, ó ń dán an wò lẹ́nu bí ẹni tó ń tọ́ iyọ̀ wò. Ó bi mí lẹ́yìn náà, tìfẹ́tìfẹ́: "Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá? Kí ló ń pè yín?"

"Tíṣà."

"Tíṣà nìkan?"

"Tíṣà nìkan."

Ojú àánú tó fi wò mí, n kò tíì dárí rẹ̀ jì í.

Okùn ló gbà wá. Ọ̀pá tó wà láàárín orúnkún mi tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. "Bàbá, ẹ má fà á! Ẹ jẹ́ kó sá! Ẹ fà á! Ẹ jẹ́ kó sá!" N kò mọ èyí tí n ó ṣe nínú méjèèjì, nítorí náà mo ṣe méjèèjì. Apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀. Ó na ọwọ́ láti gbà á lọ́wọ́ mi, mo fi ìgbọ̀nwọ́ tì í. Nígbà tí ẹja náà yọ lẹ́bàá ọkọ̀, ó fi àwọ̀n gbé e, ó sì gbé e sí àárín ẹsẹ̀ wa: ẹja dúdú oníwúrà, ìpẹ́ rẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò mi, ẹnu rẹ̀ rọ̀ bí ti àgbàlagbà tí kò léyín.

Ní etí omi, gbogbo wọn hó. Alága gbé òṣùwọ̀n jáde, ó yà wá ní fọ́tò, ó sì tún ohùn ṣe. "Tíṣà, nísinsìnyí, a ó dá a padà."

"Ẹ kò ní í dá a padà," mo ní.

Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. "Ọkọ Mámà ni lóòótọ́!"

Nígbà tí a dé Darkuman ní ìrọ̀lẹ́, Kọmi gbé ẹja náà sọ̀kalẹ̀ nínú àpótí yìnyín, ṣùgbọ́n kò fi í sílẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ. Ìyàwó mi á ha á, á tún un ṣe, n ó gbé e wá fún yín lọ́la."

"Rárá."

"Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ha á?"

"N kò mọ̀ ọ́n."

"Nígbà náà, ẹ jẹ́ kí..."

"Mo ní rárá. Gbé e sílẹ̀. Wá jẹun ní ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìwọ àti ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ." Ó ti gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ìyàwó mi, mo sì ti fi ìtumọ̀ rẹ̀ kún un fún un. N kò ní í fi ẹja náà kún un.

Ní òwúrọ̀ kejì, n kò lọ sí ìjọ. Mo gbé ẹja náà sí ẹ̀bá ẹ̀rọ omi ní ẹ̀yìnkùlé. Mo kọ́kọ́ fi ojú ọ̀bẹ ha á láti orí sí ìrù, kò ṣí. Mo yí i padà, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìrù, ìpẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ó lẹ̀ mọ́ gíláàsì ojú mi, ó lẹ̀ mọ́ ògiri, ó wọ inú irùngbọ̀n mi. Lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ gé mi lọ́wọ́ díẹ̀. Ìhà kan gbà mí ní àkókò tí obìnrin kan ì bá fi ṣe odindi agbọ̀n ẹja. Mo ṣí inú rẹ̀, mo fà gbogbo rẹ̀ jáde ní pẹ̀lẹ́, kí n má bẹ́ òróòro, n kò sì bẹ́ ẹ.

Àbúrò ìyàwó mi dé pẹ̀lú kúlà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó wo èmi, ó wo ẹ̀jẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é."

"Jókòó," mo ní.

Ó jókòó. Mo yí ẹja náà sí ìhà kejì, mo ha á títí ó fi dán. Mo gé e, mo fi iyọ̀ sí i, mo kó o sínú abọ́, mo sì fi omi fọ ìpẹ́ kúrò lára ògiri.